Ẹ̀gbọ́n Ń Lọ Lọ́ńdọ̀nù, Àpò Wọn Ò Tíì Gbọ́

Gbogbo àdúgbò ló ní Ẹ̀gbọ́n kan. Ẹ̀gbọ́n ò tíì rí físà gbà, àmọ́ wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nímú. Ìyá alákàrà kí wọn káàárọ̀, wọ́n fi ohùn òtútù dá a lóhùn nínú ooru oṣù kẹta. Ẹlẹ́ran ti gbọ́ pé Ẹ̀gbọ́n ń lọ Lọ́ńdọ̀nù. Télọ̀ ti gbọ́. Ẹni tó ń fẹ́ táyà lẹ́bàá ọ̀nà ti gbọ́, ó tiẹ̀ ti fi nọ́ńbà bàtà ránṣẹ́. Nínú gbogbo ohun tó ń jẹ́ ti Ẹ̀gbọ́n, àpò wọn nìkan ni ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún.

Èmi ò ní kí wọ́n má lọ o. Ìlú tó tó Lọ́ńdọ̀nù, ó yẹ kí ojú ẹni rí i kí ó tó di pé a ń lo igi rìn. Ètò ìnáwó wọn ni mo fẹ́ bá wọn tú wò. Wọ́n ní ìwọ̀nba làwọn fẹ́ ná. Ìwọ̀nba ọ̀hún nìyí: aṣọ tuntun mẹ́fà, dígí ojú méjì, bàtà tí kò ṣeé rìn jìnnà, àti àpótí ńlá mẹ́ta. Níbi tó yẹ kí iye owó ọkọ̀ àti ibi tí wọn yóò sùn wà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé, “Ọlọ́run á ṣe é.” Á ṣe é, àṣẹ. Àmọ́ ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù ò gba ìgbàgbọ́, káàdì ló ń gbà.

Orí físà la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, pọ́n-ùn 127 ni físà àlejò tó lè lò tó oṣù mẹ́fà. Lásìkò yẹn, pọ́n-ùn kan ń lọ sókè sódò lágbègbè ẹgbẹ̀rún méjì náírà, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: nǹkan bíi náírà 250,000 ti lọ kí Ẹ̀gbọ́n tó rí ìyẹ́ bàálù. Bí àwọn tó ń fúnni ní físà bá sì sọ pé rárá, owó yẹn ti di tiwọn. Kò sí “ẹ dákun, ẹ bá mi yọ díẹ̀ níbẹ̀ kí n fi wọkọ̀ padà sílé.”

Ẹ̀gbọ́n wá gbé sítétímẹ́ǹtì báńkì oṣù mẹ́fà jáde. Oṣù márùn-ún gbáko, àkáǹtì ọ̀hún ń mí fín-ín-fín-ín. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún wọlé, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀ jáde. Wọ́n ra dátà. Wọ́n ra káàdì iná. Báńkì yọ owó tiẹ̀. Àfi bó ṣe di oṣù kẹfà, tí mílíọ̀nù mẹ́jọ já bọ́ gbì! Ibo ló ti wá? Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà níbẹ̀, owó ilé àna wọn wà níbẹ̀, owó ẹnì kan tó fẹ́ fi ra àgbò Iléyá náà wà níbẹ̀, onítọ̀hún sì ti ń pè láràárọ̀. Òyìnbó tó jókòó sídìí ìwé yìí kì í ṣe ọmọ àná. Òfin wọn ni kí àlejò ní owó tó máa gbé e lọ gbé e bọ̀, kí ó sì hàn gbangba pé yóò padà sílé. Nítorí náà wọ́n á wo ibi tí owó ti wá, wọ́n á sì wo ohun tó so èèyàn mọ́lẹ̀ nílé. Owó tó dé lánàá, tó tún ń múra àtilọ lọ́la, tí kò ní mọ̀lẹ́bí kankan nínú àkáǹtì yẹn: owó yẹn gan-an ni àlejò, òun ló yẹ kí wọ́n fún ní físà. Owó oṣù kékeré tó ń wọlé bó ṣe yẹ láti ibi iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ ṣeyì fún Ẹ̀gbọ́n ju òjò ọjọ́ kan yẹn lọ.

Kí èsì tó jáde, Ẹ̀gbọ́n ti fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí àwòrán rẹ̀ lè gorí WhatsApp. Ẹ dì wọ́n mú.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì gan-an ò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Láti ìgbà tí Air Peace ti bẹ̀rẹ̀ sí fò láti Èkó lọ sí Gatwick ní oṣù kẹta 2024, ẹnu àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú yòókù rọ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá fò tààrà, ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà. Ẹni tí ò lówó púpọ̀ lè gba Morocco, ó lè gba Íjíbítì, ó sì lè fi ojú sí ìlà-oòrùn kó kọ́kọ́ lọ kí àwọn ará Addis Ababa kó tó ṣẹ́rí sí àríwá. Ìyàtọ̀ owó tí ẹ ò san, ìdí yín ló máa fi ìjókòó san án. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló ń tijú: Addis ni tíkẹ́ẹ̀tì wọn gbà, àmọ́ wọ́n ti sọ fún gbogbo ilé ìjọsìn pé àwọn “máa yà jíròrò ọ̀rọ̀ kan” níbẹ̀. Pẹ̀lú ta ni? Pẹ̀lú àga pápákọ̀ òfurufú ni.

Oṣù wo ni wọ́n tún mú? Disẹ́ḿbà! Oṣù tí tíkẹ́ẹ̀tì máa ń gun orí igi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí iná Kérésì. Wọ́n á rí i, torí kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, oòrùn ti wọ̀, iná nìkan ló kù tí wọ́n lè rí. Ọjọ́ Kérésì gan-an ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé àwọn máa jáde lọ wo gbogbo ìlú. Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ Kérésì ní Lọ́ńdọ̀nù, bọ́ọ̀sì kì í rìn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kì í rìn. Àwọn mùsíọ́mù ńlá pẹ̀lú máa ń tì láti ọjọ́ 24 sí ọjọ́ 26. Ẹsẹ̀ yín ló kù, ẹ sì ti rántí irú bàtà tí ẹ gbé dání.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí ibi tí wọn yóò sùn, torí ibẹ̀ ni eré pọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ní èèyàn. Àbúrò kan wà ní Peckham. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Níbi òkú ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni, nígbà tí Àbúrò ń lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí, tí ọtí ti ń pa á, tó fi ọwọ́ gbá Ẹ̀gbọ́n mọ́ra, tó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá nígbàkígbà, ilé yín ni.” Ẹ̀gbọ́n ò rántí orúkọ òkú ọjọ́ náà mọ́, àmọ́ wọ́n rántí gbólóhùn yẹn pẹ̀lú àmì ohùn orí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ilé tí wọ́n ní ó jẹ́ tiwọn. Yàrá kan àti pálọ̀ ni. Àbúrò, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì ló wà níbẹ̀, ọmọ àgbà sì ń sùn lórí àga pálọ̀, lórí àga tí Ẹ̀gbọ́n ti ń fi ọkàn yà sọ́tọ̀ fún ara wọn. Iṣẹ́ alẹ́ ni Àbúrò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ń wọlé, tí oorun á ti kún ojú rẹ̀ dẹ́nu. Aago mẹ́jọ yẹn náà ni Ẹ̀gbọ́n ń jí. Wọ́n á tan tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ àdúrà òwúrọ̀ pẹ̀lú ìpàtẹ́wọ́, wọ́n á wá béèrè ohun tí a máa jẹ. Mítà àsansílẹ̀ ni wọ́n fi ń lo iná nílé ọ̀hún. Ẹ̀gbọ́n ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, omi gbígbóná ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì ń dá orin nínú rẹ̀. Hítà tí Àbúrò ń tàn fún wákàtí kan lálẹ́, Ẹ̀gbọ́n ní kó máa jó mọ́jú. Nígbà tí ooru mú wọn, wọ́n ò pa á, fèrèsé ni wọ́n ṣí. Hítà ń gbóná fún gbogbo Peckham. Ìyàwó Àbúrò ń wo mítà, ó ń wo Ẹ̀gbọ́n, ó tún ń wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n dá fún wọn. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló ń lọ yìí.

Ẹ má jẹ́ kó dé bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ máa dé àti ọjọ́ tí ẹ máa lọ ránṣẹ́ kí ẹ tó gbéra. Ẹ ki owó iná bọ onílé lọ́wọ́ kí ó tó la ẹnu. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì-mẹ́ta, ẹ wá ibòmíràn sùn, họ́sítẹ́ẹ̀lì wà. Yàrá tí èèyàn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ jọ ń sùn, bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ò lè bá àjèjì sùn yàrá kan. Haba! Ta ló sùn sórí ẹní pẹ̀lú odindi ẹgbẹ́ akọrin nígbà ìgbéyàwó l'Óṣogbo? Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé bẹ́ẹ̀dì òkè ló máa ń kù fún ẹni tó pẹ́ dé, àkàbà ibẹ̀ àti ikùn wọn ò sì tíì mọra. Ká ní ìgbà ẹ̀rùn tiwọn lọ́hùn-ún ni Ẹ̀gbọ́n gbà láti lọ ni, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé, àwọn yunifásítì kan máa ń fi yàrá tó ṣófo háyà fún àlejò, LSE wà lára wọn, àárín ìlú gan-an ló sì wà. Àmọ́ Disẹ́ḿbà ni, a ti wí tẹ́lẹ̀.

Ó dáa, bàálù balẹ̀ sí Heathrow. Ọkọ̀ ojú irin mẹ́ta ló ń wọ ìlú láti ibẹ̀. Heathrow Express ń fi ìṣẹ́jú 15 dé Paddington, pọ́n-ùn 25 ló sì ń gbà ní 2025 lọ́wọ́ ẹni tó bá kàn dé ibẹ̀ wọ̀ ọ́. Elizabeth line, tí wọ́n ṣí ní 2022, ò gbà tó bẹ́ẹ̀. Piccadilly line ló ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ tó wákàtí kan kó tó dé àárín ìlú, àmọ́ pọ́n-ùn 5.80 ni ní 2025. Ẹ wá sọ èyí tí Ẹ̀gbọ́n wọ̀. Kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Takisí dúdú ni wọ́n wọ̀! Wọ́n ní àwọn ò lè máa wọ́ àpótí mẹ́ta kí àwọn èèyàn máa wo àwọn. Ta ló mọ̀ yín níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n? Òyìnbó wo ló ń bẹ ní Heathrow tó máa pe àdúgbò yín sọ fún wọn pé òun rí yín pẹ̀lú ẹrù lórí? Mítà takisí ń ka owó, Ẹ̀gbọ́n ń ka ilé gogoro. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní kí awakọ̀ “gba mẹ́wàá.” Awakọ̀ rò pé wọ́n ń kí òun ni.

Bọ́ọ̀sì ni ọkọ̀ ẹni tó ní làákàyè. Láti 2014 ni wọn ò ti gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́. Káàdì Oyster tàbí káàdì báńkì ni ẹ máa gbé kan ẹ̀rọ. Kò sí kọ̀ńdọ́ tó máa pariwo pé kí ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín, kò sì sí ẹni tó máa so yín pọ̀ mọ́ aládùúgbò kí ẹ lọ pín ṣéńjì níwájú. Pọ́n-ùn 1.75 ni ní 2025, ẹ sì lè máa sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ máa gun òmíràn láàárín wákàtí kan láìtún san kọ́bọ̀. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì 12 ní Oxford Circus, kí ẹ gun òkè, kí ẹ jókòó síwájú níbi tí gíláàsì wà. Ó máa gbé yín kọjá Piccadilly Circus, ó máa gbé yín kọjá Trafalgar Square, ẹ máa rí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti ilé aago tí agogo Big Ben wà nínú rẹ̀, ẹ máa gba orí odò Thames, kó tó já yín sí Peckham níbi tí ẹnì kan á ti máa ná ata rodo ní Yorùbá ponbele. Àwọn àlejò olówó ń san ìlọ́po-ìlọ́po owó yẹn láti gun bọ́ọ̀sì tí kò ní òrùlé lọ wo nǹkan kan náà, òjò sì ń pa wọ́n.

Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ní ọgbọ́n tiẹ̀. Ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé, ẹ tún fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé ẹlòmíràn jáde láìfi káàdì kan nǹkan kan, inú wọn ń dùn pé àwọn gbọ́n. Iye tó pọ̀ jù lọ ni ẹ̀rọ yọ lọ́wọ́ wọn. Lórí àtẹ̀gùn tó ń gbéra fúnra rẹ̀, apá ọ̀tún ni wọ́n ń dúró sí, kí ẹni tó ń kánjú lè gba òsì. Ẹ̀gbọ́n dúró sáàárín gbangba, wọ́n ya ẹsẹ̀, wọ́n ń ya fídíò. Ènìyàn ogún ló ń sọ “sorry” lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní àwọn òyìnbó yìí mà níwà o.

Ẹ jẹ́ ká wo ìran. London Eye, kẹ̀kẹ́ ńlá etí odò yẹn tó ga ní mítà 135, ń gba bí ọgbọ̀n pọ́n-ùn lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì ń fi nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yípo. Pọ́n-ùn kan, ìṣẹ́jú kan. Bí Ẹ̀gbọ́n bá sín nínú rẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan náírà ti lọ. Sky Garden wà lókè ilé gogoro kan ní ojúlé 20, Fenchurch Street, ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa gba àyè sílẹ̀ ṣáájú lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ìdí tí Ẹ̀gbọ́n ò fi fẹ́ lọ síbẹ̀ ni pé ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ní nǹkan ọ̀fẹ́ ò jọ Lọ́ńdọ̀nù.

Bẹ́ẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù kún fún ọ̀fẹ́. National Gallery ọ̀fẹ́, Tate Modern ọ̀fẹ́, Natural History Museum ọ̀fẹ́. British Museum, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1753, ọ̀fẹ́ ni láti wọ̀. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, níbi tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà Áfíríkà sí, orí idẹ Ifẹ̀ kan wà tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, tó sì wọ ọwọ́ wọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n dúró síwájú rẹ̀, omi bọ́ lójú wọn, wọ́n ya fọ́tò mọ́kànlá. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí Ẹ̀gbọ́n sí! Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọjá níwájú mùsíọ́mù Ẹnuwá lọ ra ẹ̀kọ, wọn ò wọ ibẹ̀ rí. Nítòsí orí yẹn ni àwọn ère idẹ Bìní wà, èyí tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897. Àwọn yẹn wọ Lọ́ńdọ̀nù, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n mú sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà wá, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n máa padà sílé.

Kí wọ́n tún dé Greenwich. Ọkọ̀ ojú omi Nelson tí Yínká Ṣóníbárẹ́ kọ́ sínú ìgò ràbàtà wà níta National Maritime Museum níbẹ̀, Trafalgar Square ló ti kọ́kọ́ wà láti 2010 sí 2012. Aṣọ aláràbarà tí àwa ń pè ní ańkárá ló fi ṣe ìgbòkun rẹ̀. Ẹ wò ó lófẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbọ́n wò ó, wọ́n ní àwọn mọ ẹni tó ń ta aṣọ yẹn ní Balógun.

Afárá ló wá kó bá wọn. Wọ́n ya fọ́tò níwájú Tower Bridge, èyí tó ní ilé ìṣọ́ méjì, tí wọ́n ṣí ní 1894, wọ́n wá kọ “London Bridge” sábẹ́ rẹ̀. London Bridge gangan tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sì sẹ́ni tó ń yà á. Èyí tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ará Amẹ́ríkà kan rà á ní 1968, ó tú u ní òkúta-òkúta, ó sì kó o lọ sí Arizona. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ìtàn yìí, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n béèrè ẹni tó gba owó àárín.

Ti oúnjẹ ò pọ̀. Ẹ má di ẹran gbígbẹ tàbí kílíṣí sínú àpótí. Ẹran àti wàrà láti Nàìjíríà ò gbọdọ̀ wọlé lọ́hùn-ún, ó dùn ni o, kò dùn ni o. Ní ọ̀sán, ẹ wọ ilé ìtajà ńlá kí ẹ ra búrẹ́dì, ohun ìpanu àti ohun mímu tí wọ́n ń tà papọ̀ ní nǹkan bíi pọ́n-ùn mẹ́rin. Omi ẹ̀rọ wọn ṣeé mu. Ilé tó bá ní ìwé àṣẹ àtita ọtí fún àwọn oníbàárà rẹ̀, òfin ní kí ó fún wọn lómi lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá béèrè. Ẹ̀gbọ́n ò lè béèrè omi ọ̀fẹ́ láàárín àwùjọ. Omi inú ìgò ni wọ́n rà, iye tó máa ra kérétì omi kan nílé.

Nǹkan tó ń pa owó Ẹ̀gbọ́n ni ṣe-ká-rí-mi, Lọ́ńdọ̀nù ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ wo ìwé ẹ̀bùn. Àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n máa rà fún àwọn èèyàn gùn ju ibi tí wọ́n máa dé lọ. Bàtà fún alága ẹgbẹ́, lọ́fínńdà fún àna, aago fún pásítọ̀, fóònù fún ẹni tó yá wọn ní owó àgbò. Ọjọ́ mẹ́rin nínú ìrìn àjò yìí, Oxford Street ni wọ́n wà, nínú Primark, tí wọ́n ń fi ọwọ́ wọn síńgílẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kò séwu, àwọn máa gba owó orí ọjà padà ní pápákọ̀ òfurufú. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Àtọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2021 ni ìjọba ibẹ̀ ti fagi lé dídá owó yẹn padà fún àlejò tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ọjà jáde nílùú. Ẹ̀gbọ́n to risíìtì ogójì sínú àpòòwé, wọ́n gbé e lọ síbi tí kò ti sí fèrèsé tó ń gbà á. Kò tán síbẹ̀. Wọ́n gbé àpótí sórí òṣùwọ̀n, ó lé. Ẹ wá wo àgbàlagbà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pápákọ̀, tó wọ kóòtù mẹ́ta léra, tó so bàtà alága ẹgbẹ́ mọ́ ọrùn.

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Peckham, ní Thamesmead, ní Dagenham, mo bẹ̀ yín, ẹ tan fóònù yín. Ẹ̀gbọ́n míì ti gbéra, Addis ni wọ́n wà báyìí, àpótí mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ wọn, ẹ sì ti sọ ọ́ lójú òkú pé ilé wọn ni.